Rudolf Diesel: Ọkùnrin tí ó fi afẹ́fẹ́ dáná

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní Ìfànyìn tí kò mọ ohùn ẹ̀rọ dísẹ̀lì. Òun ni ó ń lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ fún àwọn ìyá wa. Òun ni ó ń fa ọkọ̀ akẹ́rù láti Àjàṣẹ́ gba Ìfànyìn dé ẹnubodè Igolo, níbi tí a ti ń wo Ìdí-Ìrókò ní òdìkejì. Òun náà ni ó ń tan iná fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Ojoojúmọ́ ni a ń pe orúkọ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Kí Diesel tó di orúkọ ẹ̀rọ, kí ó tó di orúkọ epo tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní gasoil, orúkọ ìdílé ọkùnrin kan ni. Wọ́n bí ọkùnrin náà sí Paris, ó kàwé ní Jámánì, ó sì bá òkun lọ ní ọdún 1913.

Ìdí méjì ni ó fi yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀. Èkíní ni pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké, irú àwọn tí ó kún ọjà wa, wà lára àwọn tí ó rò nígbà tí ó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ onímọ́tò lónìí ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ní agbára ju èyí tí ilé iṣẹ́ fún un lọ. Wọn a pe mẹkáníìkì, wọn a ní kí ó ṣí pọ́ǹpù epo sí i. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí Diesel ń wá yóò mọ ibi tí agbára ti ń wá, yóò sì mọ ibi tí agbára ti ń di àdánù.

Ọmọ oníṣẹ́ awọ

Ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1858 ni wọ́n bí Rudolf Diesel ní ìlú Paris. Ará Jámánì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Theodor, bàbá rẹ̀, wá láti ìlú Augsburg. Iṣẹ́ dídi ìwé ni ó kọ́, ṣùgbọ́n ní Paris, ó ń fi awọ ṣe àpò àti àwọn nǹkan mìíràn tà. Elise ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Rudolf ni ó ṣe èkejì. Owó kò pọ̀ nínú ilé náà. Ọmọ náà a máa ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, a sì máa gbé ọjà lọ fún àwọn oníbàárà. Ilé ńlá kan wà nítòsí wọn tí a ti ń fi àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ han ará ìlú. Bí ó bá ti ráàyè, ibẹ̀ ni a ti máa ń rí i.

Ní ọdún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Jámánì. Wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ará Jámánì kúrò ní Paris. Theodor kó aya àti ọmọ, wọ́n sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi gbogbo iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Rudolf jẹ́ ọmọ ọdún 12. Nígbà tí oúnjẹ ṣòro, àwọn òbí rẹ̀ fi òun nìkan ránṣẹ́ sí Augsburg, lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò. A bí ọmọ sí ìlú kan, a sì lé e kúrò níbẹ̀ nítorí ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá ẹnubodè kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, ó kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀ pé onímọ̀ ẹ̀rọ ni òun yóò jẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó ń ṣe ipò kìíní. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó wá iṣẹ́ ṣe kí owó lè wọlé, ṣùgbọ́n ní ọdún 1875 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Munich. Ó gbà á, ó sì lọ.

Ohun tí ó gbọ́ ní Munich

Carl von Linde ni orúkọ olùkọ́ tí ó yí ayé Rudolf padà. Òun ni ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń sọ omi di yìnyín. Ní àkókò náà, oru omi ni ó ń yí gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá. Wọn a da èédú sínú iná, iná a sè omi, oru omi a sì ti irin. Linde ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí a bá pín ooru inú èédú sí ọ̀nà 100, nǹkan bí ìpín 6 sí 10 péré ni ẹ̀rọ oru omi ń sọ di iṣẹ́. Gbogbo ìyókù ń bá èéfín àti oru lọ sínú afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Rudolf lára. Ẹ wo àgbẹ̀ tí ó kọ ọgọ́rùn-ún ebè, tí ó gbìn ín, tí ó ro ó, tí ó wá kórè ebè mẹ́wàá péré. Ta ni yóò wí pé oko náà dára? Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun yóò wá ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà náà ni ohun tí ó ń lé ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: kí ẹ̀rọ dín ìfowóṣòfò kù. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò yàn án yàtọ̀ dé òpin ayé rẹ̀.

Ní ọdún 1879, ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú un, kò sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé iṣẹ́ Sulzer ní ìlú Winterthur, ní ilẹ̀ Siwísì. Ní oṣù kìíní ọdún 1880, ó ṣe ìdánwò náà, ó sì yege pẹ̀lú ọlá gíga. Linde mú un ṣiṣẹ́, ó sì rán an padà sí Paris láti bójú tó ilé iṣẹ́ yìnyín. Ní ọdún 1883, ó fẹ́ Martha Flasche. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀. Dípò omi, ó lo oru ammonia, èyí tí àwọn oníyìnyín mọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà bú gbàmù mọ́ ọn. Díẹ̀ ni ó kù kí ó kú, ó sì pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ohun tí ìjàǹbá náà kọ́ ọ ni pé ọ̀nà náà kò ní yọrí sí rere. Ó fi ammonia sílẹ̀, ó sì yí ojú sí afẹ́fẹ́ lásán, èyí tí gbogbo wa ń mí.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dáná

Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Púpọ̀ nínú ooru náà kò ti inú oòrùn wá, kò sì ti ọwọ́ wá. Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ àyè kékeré ni ó ń gbóná. Bí a bá ṣe fún un tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò gbóná tó.

Lórí èyí ni Diesel kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lé. Nínú ẹ̀rọ náà, ihò yíyípo kan wà tí irin ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí irin bá sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń wọlé. Nígbà tí irin bá gòkè, yóò fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀. Nínú ẹ̀rọ dísẹ̀lì òde òní, afẹ́fẹ́ tí ó gba àyè 15 sí 20 ni a ń fún mọ́ àyè kan ṣoṣo. Ooru rẹ̀ a kọjá ìwọ̀n 500, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 100 ni omi ti ń hó. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni a ó fọ́n epo díẹ̀ sínú rẹ̀. Epo náà a gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná, láìsí pílọ́ọ̀gì tí ń ta iná. Iná náà a ti irin sísàlẹ̀, agbára a sì jáde.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ni ó ń dáná. Epo ni igi tí a kó sí i. Ẹni tí ó bá ti dáná igi rí mọ̀ pé bí igi bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín ni yóò bo ilé, oúnjẹ kò sì ní jinná.

Ní oṣù kejì ọdún 1892, Diesel béèrè lọ́wọ́ ìjọba Jámánì fún ìwé àṣẹ tí ń dáàbò bo ohun tuntun tí ènìyàn hùmọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1893, wọ́n fún un. Ní ọdún kan náà, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣàlàyé èrò rẹ̀. Ìṣirò inú ìwé náà fi hàn pé ẹ̀rọ rẹ̀ lè sọ ohun tí ó ju ìpín 70 nínú 100 di iṣẹ́. Àwọn kan yìn ín, àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin ní Augsburg

Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní Augsburg, ìlú bàbá rẹ̀, gbà láti ràn án lọ́wọ́. Heinrich von Buz ni ọ̀gá ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ Krupp, tí ń rọ irin àti ìbọn, náà mú owó wá. Láti ọdún 1893 dé 1897 ni Diesel fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1893, wọ́n fi epo sínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó gbiná lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ohun tí wọ́n retí lọ. Ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára inú rẹ̀ fọ́ yángá, àfọ́kù rẹ̀ sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àwọn tí ó dúró tì í. Ẹ̀rọ náà kò yí fúnra rẹ̀ rárá. Síbẹ̀, inú Diesel dùn. Ó ti rí i pé afẹ́fẹ́ lè dáná.

Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1894, wọ́n so ẹ̀rọ tuntun mọ́ bẹ́líìtì ilé iṣẹ́ kí ó lè máa yí i. Lójijì, bẹ́líìtì náà ta kìjí, apá tí ó le rọ̀, apá tí ó rọ̀ le. Èyí fi hàn pé kì í ṣe bẹ́líìtì ni ó ń yí ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń yí bẹ́líìtì. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ rí i kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ṣí fìlà lórí láti kí Diesel. Ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ̀rọ náà fi dá ṣiṣẹ́.

Láti ìṣẹ́jú kan yẹn dé ẹ̀rọ tí a lè tà, ọdún mẹ́ta gbáko ni. Ìṣòro kan ń tan, òmíràn ń jáde. Ohun tí ìwé rẹ̀ wí pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti fi apá kan èrò rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gba ohun tí irin àti iná bá a sọ. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter wá láti Munich, ó wọn ẹ̀rọ náà ní gbangba. Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí agbára ẹṣin 18. Ó sọ ìpín 26 nínú 100 di iṣẹ́. Kò tó ìpín 70 tí ìwé wí, ṣùgbọ́n ó ju ti ẹ̀rọ oru omi lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan láyé ní ọjọ́ náà tí ó fi epo tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn olówó ayé dé. Ní Amẹ́ríkà, Adolphus Busch, tí ń pọn ọtí bíà, san mílíọ̀nù kan owó máàkì láti ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀rọ náà. Ìdílé Nobel rà á fún ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ọmọ oníṣẹ́ awọ di ọlọ́rọ̀.

Epo ẹ̀pà ní Paris

Ní ọdún 1900, ìfihàn ńlá kan wáyé ní Paris, níbi tí gbogbo ayé ti kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Ẹ̀rọ Diesel gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ níbẹ̀, nínú ìlú tí wọ́n ti lé e jáde ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ó kàn wá. Ẹ̀rọ dísẹ̀lì kékeré kan wà lára àwọn tí wọ́n fi hàn tí epo ẹ̀pà ń gbé ṣiṣẹ́. Ó ń lọ geerege débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀. Ìjọba Faransé ni ó fẹ́ kí wọ́n dán an wò, nítorí ẹ̀pà pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà. Wọ́n rò pé àwọn ilẹ̀ náà lè fi epo tí ó hù ní ilẹ̀ wọn yí ẹ̀rọ, láìsí pé wọ́n ń kó èédú tàbí epo rọ̀bì wá láti òkèèrè. Nígbà tí ó yá, Diesel tún ìdánwò náà ṣe. Ní ọdún 1912, ó sọ ní gbangba pé epo inú èso àti irúgbìn, tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú nígbà náà, lè di ohun pàtàkì lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè jẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ wa, níbi tí ọ̀pẹ ti ń bọ́ ilé, tí a sì dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè láti ọdún 1922. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu epo pupa sínú ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ohun tí ó kà yìí. Epo pupa ki, a sì máa dì. Imú tín-ín-rín tí ń fọ́n epo nínú ọkọ̀ òde òní yóò dí, pọ́ǹpù yóò sì bàjẹ́. Ó ní bí àwọn onímọ̀ ṣe ń yí irú epo bẹ́ẹ̀ padà kí ọkọ̀ tó lè lò ó.

Epo nìkan kọ́ ni Diesel fi ro ti àwọn ènìyàn kéékèèké. Ẹ̀rọ oru omi tóbi, ó sì wọ́n. Olówó ńlá nìkan ni ó lè rà á. Nítorí náà, agbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ ń pàdánù iṣẹ́ wọn fún ilé iṣẹ́ ńlá. Diesel fẹ́ ẹ̀rọ tí oníṣẹ́ ọwọ́ kan lè gbé sínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ní ọdún 1903, ó kọ ìwé kan tí ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dá owó kékeré jọ, bí a ti ń dá àjọ, kí wọ́n lè fi ra ilé iṣẹ́ tí yóò jẹ́ tiwọn. Ìwé náà kò tà. Ó dùn ún, nítorí ó ka ìwé náà sí iṣẹ́ tí ó tó ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọlá àti gbèsè

Ìgbà ọlá Diesel kò gùn. Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ń dákú lọ́wọ́ àwọn tí ó rà wọ́n, nítorí wọn kò tíì gbó tó. Àwọn mìíràn ní òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú kàn án, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́. Àìsùn àti orí fífọ́ mú un. Ó lo oṣù púpọ̀ ní ilé ìtọ́jú. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Augsburg láti máa ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ kò yọrí sí rere.

Ní àárín gbogbo èyí, ó kọ́ ilé ńlá kan ní Munich, tí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ yani lẹ́nu. Ó fi owó ra ilẹ̀, ilẹ̀ náà mú ẹjọ́ wá. Ó fi owó sínú òwò epo rọ̀bì, owó náà kò padà. Ẹni tí ó fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wá bí ẹ̀rọ kò ṣe ní fi ooru ṣòfò, kò mọ bí òun yóò ṣe dí ihò tí owó tirẹ̀ ń bá jò. Ìnáwó rẹ̀ ga ju ohun tí ń wọlé lọ. Kò jẹ́ kí aya rẹ̀ mọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ń dàgbà. Ní oṣù kejì ọdún 1912, ọkọ̀ òkun ńlá kan tí wọ́n kàn ní Dẹ́ńmákì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Selandia, fi ẹ̀rọ dísẹ̀lì gbéra lọ sí Éṣíà. Kò ní èédú, kò sì ní àwọn tí ń dáná nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ayé ń gba iṣẹ́ Diesel gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dára, ní àkókò kan náà tí àwọn tí ó jẹ lówó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Òru kan lórí òkun

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìpàdé ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bá àwọn méjì tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò jẹun alẹ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jí òun ní kùtùkùtù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹnì kankan nínú yàrá náà. Ibùsùn rẹ̀ wà bí wọ́n ti tẹ́ ẹ. Wọ́n rí fìlà àti ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n ká a dáadáa. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kan láti Họ́láńdì rí òkú kan lójú omi. Òkú náà ti bàjẹ́. Wọ́n mú ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún òkun. Eugen, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wo àwọn nǹkan náà, ó sì jẹ́rìí pé ti bàbá òun ni. Ọmọ ọdún 55 ni Diesel nígbà náà.

Kí ó tó lọ, ó ti fún aya rẹ̀ ní àpò kan, ó ní kí ó má ṣí i títí di ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Martha ṣí i, ó bá 20,000 máàkì nínú rẹ̀, ó sì bá àwọn ìwé tí ó fi hàn pé owó ti tán ní báńkì. Àwọn kan ní ìdààmú gbèsè ni ó sọ ọ́ sínú omi. Àwọn kan ní ìjàǹbá ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀tá ni ó pa á, nítorí ogun ń bọ̀, àwọn ológun sì ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ abẹ́ omi. Kò sí èyí tí a fi ẹ̀rí dí lẹ́nu.

Àwọn tí ó fi agbára kún un

Diesel kò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀rọ ìgbà ayé rẹ̀ wúwo jù. Pọ́ǹpù epo kékeré tí ilé iṣẹ́ Bosch bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lọ́pọ̀ ní ọdún 1927 wà lára ohun tí ó mú kí ọkọ̀ akẹ́rù lè lò ó. Ní ọdún 1936, Mercedes gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 260 D jáde. Agbára ẹṣin 45 péré ni ó ní. Lẹ́yìn náà ni Peugeot mú 404, 504 àti 505 oní-dísẹ̀lì wá sí ojú ọ̀nà wa. Wọn kò yára, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè kú, epo díẹ̀ sì tó wọn.

Báwo ni ènìyàn ṣe wá lè fi agbára kún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ilẹ̀ Siwísì kan, Alfred Büchi, ni ó rí ọ̀nà tí ó tọ́. Ó wo èéfín tí ń jáde, ó rí i pé agbára ṣì kù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1905, ó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí ohun tí a mọ̀ sí túbò lónìí. Èéfín a yí àgbá kékeré kan bí ó bá ń jáde, àgbá náà a yí èkejì rẹ̀, èkejì a sì máa fi agídí ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, nígbà náà ni epo lè pọ̀ sí i. Ní ọdún 1926, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi méjì ní Jámánì. Agbára ẹ̀rọ wọn gòkè láti agbára ẹṣin 1,750 dé 2,500. Ní ọdún 1978, Mercedes fi í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oní-dísẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ ni Büchi kọ́kọ́ fi kún un. Kílò epo kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ju kílò 14 lọ kí ó tó lè jó tán. Ẹni tí ó bá kàn ṣí pọ́ǹpù, tí kò fi afẹ́fẹ́ kún un, ó ti kó igi ju afẹ́fẹ́ lọ sínú àdògán. Ọkọ̀ náà lè fò díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èéfín dúdú tí ń tẹ̀ lé e, epo tí kò jó ni. Owó onímọ́tò ni ó ń fẹ́ lọ. Ooru a pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ, orí ẹ̀rọ a yọ́ tàbí kí ó là, irin a jẹ irin. Àwọn ọmọdé tí ilé wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà a sì máa fa èéfín náà símú.

Nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn epo àti afẹ́fẹ́. Àwọn kan ń yí ohun tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà náà padà kí agbára lè gòkè. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a máa wo bí túbò, ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti jíà ṣe lè gbà á tó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń yá agbára tí ọkọ̀ yóò san padà. Ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti ṣìnà níhìn-ín. Ní ọdún 2015, àṣírí tú pé Volkswagen ti fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ oní-dísẹ̀lì rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé èéfín wọn mọ́ níwájú àwọn tí ń yẹ̀ wọ́n wò, tí ó sì burú lójú ọ̀nà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó ná wọn ní owó tí ó bùáyà.

Ohun tí ó yẹ kí a dì mú

Lónìí, ẹ̀rọ dísẹ̀lì ńlá inú ọkọ̀ òkun ń sọ ìpín 50 nínú 100 di iṣẹ́. Wọ́n ń súnmọ́ ohun tí ọ̀dọ́kùnrin Munich nì ń lé. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé ibẹ̀: wọ́n wá ohun tí ń ṣòfò, wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá rí i pé agbára ọkọ̀ rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ń dín kù, ọ̀nà yìí ni kí ó tọ̀. Kí ó tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù, kí ó wo asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bóyá eruku pupa ilẹ̀ wa ti dí i. Kí ó yọ imú tí ń fọ́n epo, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń fọ́n tàbí ó ń kán. Kí ó wo asẹ́ epo, kí ó sì mọ ibi tí ó ti ra epo, nítorí epo tí a fi omi tàbí kẹrosíìnì lù kò ní jó bí ó ti yẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbára tí à ń wá kò tíì lọ níbì kankan. Ìdọ̀tí ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí òkú Rudolf Diesel wà nínú òkun. Kò fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta tirẹ̀ ní ọjà Ìfànyìn, tí kò retí ilé iṣẹ́ olówó kankan kí ó tó jẹun, òun gan-an ni irú ènìyàn tí ọkùnrin náà rò nígbà tí ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní Augsburg.